Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹnì kan nínú mẹ́wàá ló ní IBS?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kẹta rèé tí inú ti ń run mí. Bó bá dé, àfi bí ìgbà tí ẹnìkan di ìfun mi mú tó ń fún un bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Bí mo bá yàgbẹ́ tán, yóò rọlẹ̀. Ó lè jẹ́ ìgbẹ́ gbuuru lónìí, kó sì tó ọjọ́ mẹ́rin kí n tó tún rí i yà. Dókítà àkọ́kọ́ tí mo rí ní IBS ni (irritable bowel syndrome, àìsàn ìfun tí kì í ṣiṣẹ́ déédéé), ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ẹnì kan nínú mẹ́wàá ló ní in. Dókítà kejì náà ní IBS ni, àmọ́ ó ní àsọdùn ni ti ẹnì kan nínú mẹ́wàá yẹn, pé wọn kò tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Àbúrò mi obìnrin ní kí n yé da ara mi láàmú, ta ni inú kì í run? Ta ni kí n gbà gbọ́ nínú wọn? Bó bá sì wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí n kò mọ ẹyọ ẹnì kan tó ní in?

*

Àwọn dókítà méjèèjì ló sọ òótọ́. Mo mọ̀ pé ẹ ti fẹ́ kí á dá ẹnì kan lẹ́bi, ẹ má bínú.

Ohun tó fà á ni pé IBS kò ní àyẹ̀wò kan pàtó tí wọ́n fi ń mú un. Bó bá jẹ́ ìtọ̀ ṣúgà ni, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n á ka nọ́ńbà, ọ̀rọ̀ tán. Bó bá jẹ́ ọgbẹ́ inú ìfun, wọ́n á ti kámẹ́rà wọlé, wọ́n á rí ọgbẹ́. Ìfun ẹni tó ní IBS, bí kámẹ́rà bá wọ inú rẹ̀, ńṣe ni á máa dán bíi ti ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n: ṣé inú ń run ọ́? Ẹ̀ẹ̀melòó lóṣù? Ṣé ìrora yẹn àti ìgbẹ́ jọ ń rìn ni? Bí ìbéèrè bá ti yí padà, iye àwọn tó ní in yóò yí, bẹ́ẹ̀ inú ẹnikẹ́ni kò sàn, kò sì burú sí i.

Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìfun kan tí wọ́n ń pè ní Rome Foundation ló máa ń gbé ìbéèrè náà kalẹ̀. Ìlànà wọn kẹta, Rome III, jáde ní 2006. Ó ní bí inú bá ń run ọ́, tàbí tó kàn ń ni ọ́ lára, fún ọjọ́ mẹ́ta lóṣù ó kéré tán, láàrin oṣù mẹ́ta tó kọjá, tó sì bá ìgbẹ́ tan, o ti wọ ilé. Rome IV dé ní 2016. Ìyẹn ní rárá, ìrora gidi ni kí a kà, kó sì máa dé ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ó kéré tán. Méjì ó kéré tán nínú mẹ́ta yìí tún gbọ́dọ̀ bá a rìn: kí ìrora náà ní í ṣe pẹ̀lú ìgbẹ́ yíyà, kí iye ìgbà tí a ń yà á yí padà, kí bí ìgbẹ́ ṣe rí yí padà. Gbogbo rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn.

Ẹ fi wé ẹni tó fi asẹ́ ojú fífẹ̀ jọ ìyẹ̀fun, tó tún wá fi asẹ́ ojú dídí jọ ìyẹ̀fun kan náà. Lọ́dún 2020, àwọn oníwádìí kó iṣẹ́ káàkiri àgbáyé jọ: àwọn tó lo Rome III rí 9.2 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó lo Rome IV rí 3.8. Ẹ lè ní bóyá èèyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n kà. Lọ́dún 2021, Rome Foundation fúnra rẹ̀ gbé ìwádìí jáde láti orílẹ̀-èdè 33, àwọn tó lé ní 73,000 ló dáhùn. Nínú àwọn tó dáhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, asẹ́ tuntun mú 4.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n fi asẹ́ àtijọ́ jọ àwọn èèyàn kan náà, ó mú 10.1.

Ẹ ti rí i: dókítà àkọ́kọ́ mú asẹ́ àtijọ́ lọ́wọ́, èkejì mú tuntun. Ti àbúrò yín, a máa padà síbẹ̀.

*

Ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi pé: “A jẹ́ pé kálámù ni wọ́n fi wo ju ìdajì àwọn aláìsàn sàn?”

Ẹ̀rín pa mí, àmọ́ ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Àwọn tó jò kúrò nínú asẹ́ tuntun kò sàn. Púpọ̀ nínú wọn bọ́ sínú orúkọ mìíràn ni: ẹni tó jẹ́ pé àìrígbẹ́yà nìkan ló ń bá jà, ẹni tó jẹ́ pé gbuuru láìsí ìrora, ẹni tó jẹ́ pé inú rẹ̀ kàn ń wú. Nínú ìwádìí 2021 yẹn kan náà, ẹni tó ní ó kéré tán ọ̀kan nínú gbogbo irú wàhálà inú báwọ̀nyí, láti ọ̀nà ọ̀fun títí dé ìdí, ju 40 lọ nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn tó dáhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Torí náà bí dókítà bá sọ pé IBS kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ má gbọ́ ọ bí ẹni pé ó ní ìyọnu inú kò wọ́pọ̀.

Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n yọ kúrò ní 2016 ni gbólóhùn tó dúró fún pé inú kàn ń ni èèyàn lára, tí kò tíì di ìrora. Ìdí tí wọ́n fi yọ ọ́ ni pé ọ̀pọ̀ èdè kò ní ọ̀rọ̀ fún un, àwọn tó sì ní in kò lóye rẹ̀ bákan náà. Èmi gbè sí wọn lẹ́yìn níbẹ̀. Ẹ gbìyànjú kí ẹ fi Yorùbá bi èèyàn ní ìbéèrè yẹn. Ẹ ó ní “ṣé ìnira wà nínú rẹ?” Ìnira ti pọ̀ jù fún ẹni tí inú rẹ̀ kàn kún. Ẹ ó ní “ṣé inú rẹ kò dùn?” Á ní ta ló wá rojọ́ òun fún yín. Inú yìí kan náà ló ń bí wa, òun ló ń dùn, òun ló ń bàjẹ́, òun la tún fi ń gbé ìfun. Àwọn onímọ̀ ti wá ń pe IBS àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àìgbọ́ra-ẹni-yé láàrin ìfun àti ọpọlọ, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó dé ibẹ̀.

*

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìbéèrè yín tó kẹ́yìn, òun ló gún mi lọ́kàn jù: kí ló dé tí n kò mọ ẹyọ ẹnì kan?

Ẹ mọ̀ wọ́n. Wọn kò sọ fún yín ni.

Ọdún kọkànlá rèé tí èmi fúnra mi ti ń bá a yí, iye ẹni tí mo sì sọ fún kò pé márùn-ún. Bí mo bá wọ ilé tí n kò dé rí, kí n tó jókòó, mo ti fi ojú wá ọ̀nà tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Nínú bọ́ọ̀sì, ìjókòó ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń du, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ẹni tó ń wọlé ló ń tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ níbẹ̀. Bí ìrìn àjò bá máa jìn, láti alẹ́ àná ni n kò ti ní jẹun, bí wọ́n bá sì fi oúnjẹ lọ̀ mí lọ́nà, mo ti yó nìyẹn. Irọ́ kún ẹnu àwa tí inú ń dà láàmú.

Níbi iṣẹ́ mi àtijọ́, àwa bí ọgbọ̀n la jókòó nínú yàrá kan. Ọkùnrin kan wà níwájú mi, ọ̀rọ̀ wa kì í ju “ẹ káàárọ̀ o, ọ̀gá” lọ. Lọ́jọ́ kan ó wà lórí fóònù, ó ṣẹ́wọ́ sí mi pé kí n bá òun mú bírò nínú dúrọ́ọ̀ òun. Mo fà á. Páálí loperamide ni ojú mi bá, oògùn tó ń dá gbuuru dúró, ó ti lo tó ìdajì rẹ̀. Ọ̀rá kékeré kan wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n fi rọ́bà so ó mọ́ páálí yẹn, pátá kan ló wà nínú ọ̀rá náà, wọ́n ká a pélébé. Mo mú bírò, mo ti dúrọ́ọ̀. Nígbà tó sọ fóònù kalẹ̀, mo fa báàgì mi, mo ṣí ojú rẹ̀ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo fi ohun tó wà níbẹ̀ hàn án: loperamide, àti pátá nínú ọ̀rá. Ó wò ó. Ó wò mí. Ló bá bú sẹ́rìn-ín títí omi fi lé ròrò sí i lójú. Ọdún méjì gbáko la ti ń pàdé lẹ́nu ọ̀nà tọ́ílẹ́ẹ̀tì, tí oníkálùkù ń ṣe bí ẹni tó kàn fẹ́ fọ ọwọ́.

Ẹni méjì nínú ọgbọ̀n nìyẹn, àwọn tí mo sì mọ̀ nìkan ni mo kà yẹn o. Mo fi dá yín lójú, ẹlòmíràn nínú yàrá yẹn náà máa kọ ọ́ síbì kan pé òun kò mọ ẹnikẹ́ni tó ní in.

*

Ẹlòmíràn kọ ọ́ pé: “Àwọn tó ń dáhùn ìbéèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tára ń ni ni. Ẹni tára rẹ̀ dá kò ní àyè ìyẹn. Ẹ má fi iye wọn dẹ́rù bà wá.”

Mo gbọ́ yín, kì í sì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ní tòótọ́, ní àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti rán èèyàn lọ láti ilé dé ilé nínú ìwádìí 2021, ẹni tó ní IBS kò ju 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ wo bó ṣe jìnnà sí 4.1. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó yọ̀, ẹ wò ó lọ́nà yìí. Àlejò tí ẹ kò mọ̀ rí wọ pálọ̀ yín, ó mú ìwé àti bírò jáde, àna yín jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ó ń gbọ́. Ó ní: “Lóṣù mẹ́ta tó kọjá, ẹ̀ẹ̀melòó ni ìgbẹ́ yín rọ̀ tàbí tó dà bí omi?” Kí lẹ máa sọ? Èmi mọ ohun tí màá sọ. Màá ní ara mi dá ṣáká.

Àwọn ibi tí wọ́n ti lọ ilé dé ilé àti ibi tí wọ́n ti lo íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ibì kan náà lọ́pọ̀ jù, nítorí náà a kò lè gbé méjèèjì sórí òṣùwọ̀n kan ká ní ìkan purọ́. Èrò tèmi ni pé òótọ́ wà láàrin wọn, ó sì sún mọ́ ti íntánẹ́ẹ̀tì ju ti ojúkojú lọ, nítorí fóònù kì í wo èèyàn lójú.

Ìtìjú yìí náà ni àwòrán Bristol ń bá wa dín kù. Bí ẹ kò bá tíì rí i rí, àwòrán oríṣi ìgbẹ́ méje ni, ó ti wà láti 1997: ẹ̀kíní rí kókókó bí hóró ẹ̀pà, ẹ̀kẹrin rọ̀ ó sì gùn bí ejò, èkeje jẹ́ omi pátápátá. Bí dókítà bá gbé e síwájú yín, ìka lásán lẹ máa fi tọ́ka, ẹnu kò ní í sọ nǹkan kan. Ó ti yọ mí nínú ọ̀rọ̀ tí n kò lè sọ jáde.

Lórí bí iye náà ṣe ń yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, iṣẹ́ kan jáde ní 2012 tó kó ìwádìí lórí èèyàn tó lé ní 260,000 jọ. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 11.2 nínú ọgọ́rùn-ún, ibẹ̀ gan-an ni “ẹnì kan nínú mẹ́wàá” ti ń rí agbára. Ṣùgbọ́n èyí tó kéré jù nínú àwọn tí wọ́n kó jọ jẹ́ 1.1, èyí tó ga jù jẹ́ 45. Èèyàn lè mú èyí tó bá wù ú nínú ìyẹn lọ ta ọjà rẹ̀.

*

Ẹnì kan béèrè bóyá ó pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ: bẹ́ẹ̀ ni. Àkójọ tí wọ́n tún ṣe ní 2012 rí obìnrin 14 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn ọkùnrin kò pé 9. Ti obìnrin sábà máa ń lọ sí ọ̀nà àìrígbẹ́yà, ti ọkùnrin sí ọ̀nà gbuuru. Ó tún wọ́pọ̀ lára ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún ju àgbàlagbà lọ. Mi ò ní ju ìyẹn lọ láti sọ níbẹ̀.

*

Ó wá ku àbúrò yín. Ta ni inú kì í run?

Kò parọ́ náà. Kò sí ẹni tí inú kò run rí. Ṣùgbọ́n inú rírun tó wá lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn oúnjẹ tí kò báni lára mu, tó sì lọ, yàtọ̀ sí èyí tó ń padà wá lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ bí onígbèsè tó ń kanlẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ iye ìgbà ni, ọ̀rọ̀ bó ṣe ń bá ìgbẹ́ rìn sì ni. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ọjọ́ tí inú bá run yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ oríṣi ìgbẹ́ ọjọ́ yẹn, láti ẹ̀kíní dé èkeje. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ kà fún un. Lọ́dún 1973, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde, oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Ritchie ló ṣe é. Ó ti bàlúù kékeré wọ inú ìfun èèyàn láti ìdí, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó dé mìlílítà 60, tí kò tó ife omi kékeré kan, nínú àwọn tí kò ní nǹkan kan, ẹni 6 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ó dùn òun. Nínú àwọn tó ní IBS, ẹni 55. Afẹ́fẹ́ kan náà, bàlúù kan náà. Ìfun wọn ń gbọ́ ohun tí ìfun ẹlòmíràn kò gbọ́. Bí àbúrò yín bá ní inú òun náà ń run, ó ṣeé ṣe kó máa sọ òótọ́, kó má sì mọ ohun tí inú tiyín ń sọ.

*

Ẹnì kan tún béèrè pé: “Kí ló ń fà á gan-an? Ìrònú ni wọ́n sọ fún mi.”

Ìrònú lè dá kún un, kò sí ìjà níbẹ̀. Ohun tí n kò fara mọ́ ni kí wọ́n fi ìrònú pa ẹnu aláìsàn dé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn Walkerton.

Ìlú kékeré ni Walkerton, ní Ontario lórílẹ̀-èdè Kánádà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, òjò ńlá rọ̀, ó gbá ìgbẹ́ màlúù wọ kànga tí ìlú ti ń fa omi ẹ̀rọ. Kòkòrò E. coli àti Campylobacter bá omi wọ ilé. Àwọn tó lé ní 2,300 ló ṣàìsàn, ẹni méje kú. Àwọn oníwádìí wá dúró ti ìlú náà fún ọdún púpọ̀. Lẹ́yìn bí ọdún méjì sí mẹ́ta, nínú àwọn tí kò ṣe gbuuru nígbà náà, ẹni 10 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àmì IBS. Nínú àwọn tí àìsàn ọjọ́ yẹn mú dájú, ó jẹ́ 36. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn omi yẹn, ẹni 15 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn tó ṣe gbuuru nígbà náà ṣì ń bá a yí.

Ta ni yóò ní ìrònú ló ṣe gbogbo ìyẹn? Omi ni. Kòkòrò ti lọ, dókítà wo ìgbẹ́ wọn kò rí nǹkan, ṣùgbọ́n ìfun kò gbàgbé. Tí a bá kó àwọn ìwádìí mìíràn jọ, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá lára àwọn tí kòkòrò bá fa gbuuru fún ló ń ní IBS lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ nígbà tí kòkòrò yẹn mú un ni ó sì ń wọ̀ lára jù, nítorí náà mi ò lé ìrònú jáde nínú ilé. Mo ní kó má dá nìkan jókòó sórí àga ni.

Tèmi bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn gbuuru ọ̀sẹ̀ kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ. Ọdún mẹ́rin kọjá kí ẹnikẹ́ni tó bi mí bóyá irú ẹ̀ ti ṣe mí rí.

*

Ẹnìkan ń bínú gan-an: “IBS kì í ṣe àìsàn. Orúkọ tí dókítà ń fún ohun tí kò mọ̀ ni. Ó bá sọ pé ó wọ́pọ̀, ó bá lé ẹ lọ sílé.”

Ìbínú yín yé mi, ó sì ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo rántí ọ̀kan tí kò gbójú sókè kúrò lórí kọ̀ǹpútà títí mo fi jáde. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé orúkọ lásán ni. Ìrora tó ń bá ìgbẹ́ rìn, tó ń lọ tó ń bọ̀ fún ọdún, lára ẹni tí kò rù, tí kò yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ní ojú tirẹ̀. Dókítà tó mọṣẹ́ máa ń dá a mọ̀, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fi kámẹ́rà wá inú gbogbo ẹni tí inú ń run. Kì í di jẹjẹrẹ. Kì í gé ẹ̀mí kúrú.

Ibi tí mo ti gbè yín ni pé “ó wọ́pọ̀” kì í ṣe àyẹ̀wò. Àwọn nǹkan kan wà tó ń wọ aṣọ IBS kiri. Coeliac jẹ́ ọ̀kan, níbi tí ara ti ń bá gluten inú àlìkámà jà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àyẹ̀wò ìgbẹ́ tó ń wo calprotectin lè sọ bóyá ìfun wú lóòótọ́, bíi ti Crohn, àìsàn tó ń mú ìfun wú tó sì ń dá ọgbẹ́ sí i. Orúkọ ìdílé rẹ̀, IBD (inflammatory bowel disease), jọ IBS létí débi pé ọ̀pọ̀ ń pè wọ́n pọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ẹ bá ń rù láìgbìyànjú, bí ẹ̀jẹ̀ bá kéré lára, bí ìgbẹ́ bá ń jí yín lójú oorun, bí òbí tàbí ọmọ ìyá yín bá ti ní jẹjẹrẹ ìfun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iye èèyàn nínú ọgọ́rùn-ún dá yín lọ́kàn le. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí irú èyí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀, kí ó béèrè àyẹ̀wò fún jẹjẹrẹ ilé ẹyin náà, torí pé inú wíwú ni ìyẹn náà máa ń fi bẹ̀rẹ̀.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

*

Mo rí i pé àwọn kan ti ń polówó oògùn wọn nísàlẹ̀: “Ọjọ́ méje péré, ó lọ pátá.” Ẹ fún mi láyè.

Àìsàn tí àwọn olóògùn ń fẹ́ràn lèyí, nítorí ó ń lọ ó ń bọ̀ fúnra rẹ̀. Nínú ìwádìí oògùn IBS, àwọn tí wọ́n fún ní hóró tí kò ní nǹkan kan nínú, nǹkan bí mẹ́rin nínú mẹ́wàá wọn ló ń ní ara àwọn fúyẹ́. Lọ́dún 2010 wọ́n tilẹ̀ jáde sí gbangba: wọ́n sọ fún àwọn aláìsàn pé òfìfo ni hóró yìí o. Àwọn 80 ló wà níbẹ̀. Ẹni 59 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn tó gbé e mì pẹ̀lú ìmọ̀ yẹn ló ní ó sàn tó, nígbà tí àwọn tí kò gba nǹkan kan jẹ́ 35. Nítorí náà, bí ẹni mẹ́ta bá jẹ́rìí sí oògùn yín, ẹ máa yọ̀, àmọ́ ẹ má pè é ní ẹ̀rí.

Ohun tó ṣe mí lóore: okùn oúnjẹ (fiber) tó ń yòrò nínú omi bíi psyllium, kì í ṣe èèpo àlìkámà, tó jẹ́ pé ńṣe ló fẹ inú mi bíi bàlúù Ritchie. Epo mint tó wà nínú kápúsù. Àti ètò oúnjẹ FODMAP, tó ń dín oúnjẹ tó ní àwọn irú ṣúgà tí ìfun kì í fà mọ́ra dáadáa kù, tí wọ́n ṣe ní yunifásítì Monash ní Ọsirélíà, níbi tí mo ti rí i pé àlùbọ́sà ni ọ̀tá mi, wàrà kò ṣe mí nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n ní ká yọ oúnjẹ wọ̀nyẹn kúrò, kí a wá máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ti yọ ọ́ fún ọdún mẹ́ta láìdá a padà, ẹ̀yin lẹ fìyà jẹ ara yín.

*

Ẹni tó béèrè ti padà wá: “Mo kọ ọ́ sínú ìwé bí ẹ ṣe wí. Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọjọ́ mẹ́ta péré ló run mí. A jẹ́ pé mi ò ní IBS mọ́ nìyẹn?”

Pẹ̀lú asẹ́ 2006, ẹ ní in. Pẹ̀lú ti 2016, ẹ kò ní in. Ṣùgbọ́n ìwádìí ni wọ́n ṣe asẹ́ yẹn fún, kí gbogbo oníwádìí lè máa ka irú èèyàn kan náà. Àwọn Rome náà ti sọ ọ́ pé níwájú dókítà, bí kò bá tilẹ̀ dé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tó bá ti ń dí ìgbé ayé yín lọ́wọ́, tí wọ́n sì ti wo àwọn nǹkan yòókù, wọ́n lè pè é bẹ́ẹ̀ kí wọ́n sì tọ́jú yín. Dókítà kejì kò tako ara rẹ̀ nígbà tó ní ẹ ní in.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ láti òkè, n kò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti gba ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ padà lọ bá a, ẹ mú ìwé kékeré yẹn dání, ẹ béèrè fún àyẹ̀wò coeliac àti ti calprotectin. Ẹ má sì torí ohun tí ẹ kà níbí sáré yọ àlìkámà kúrò nínú oúnjẹ yín kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ náà, torí àyẹ̀wò coeliac lè fojú fo ẹni tí kò jẹ gluten mọ́. Bí èmi ṣe ṣe é nìyẹn. Wọ́n ní kí n padà lọ máa jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí n tó tún wá.